Ọkọ̀ Ìgbà Díẹ̀

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó rì, ẹnì kan ti ya fọ́tò àwọn ihò ara rẹ̀. Fọ́tò yẹn ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ọkọ̀ ní ìlànà ààbò lórí omi. Kì í ṣe pé wọ́n yà á nísàlẹ̀ òkun lẹ́yìn tí ẹ̀pa ò bóró mọ́ o. Nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń léfòó ni wọ́n yà á, nígbà tó ṣì ń kó èrò. Irin tó ti dípẹtà, tó ti jẹ, tó ti lu. Màá sọ bó ṣe rí fún wọn, màá dákẹ́ díẹ̀, màá wá béèrè pé: ta ni kò mọ̀?

Mi ò ní dárúkọ ọkọ̀ náà níbí, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìròyìn òkun Pàsífíìkì á ti dá a mọ̀ kí n tó dé ìdajì, ìyẹn ò dùn mí. Ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé nígbà tí mo ṣì máa ń dárúkọ, kíá làwọn ọmọ á ti fa fóònù yọ, wọ́n á wá ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n á bú u dáadáa, ara á tù wọ́n. Ẹni tí ara bá ti tù kì í padà wá wo ihò mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí

Tonga ni èyí ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2009. Erékùṣù bíi 170 ni orílẹ̀-èdè náà, èèyàn ń gbé lórí nǹkan bíi 36 nínú wọn, gbogbo àwọn ọmọ ìlú tó wà nílé kò sì ju bí 100,000 lọ. Orí erékùṣù Tongatapu ni olú ìlú wọn, Nuku'alofa, wà. Tí o bá kọjú sí àríwá láti ibẹ̀, wàá kọ́kọ́ kan àwọn erékùṣù Ha'apai tó fọ́n káàkiri bí hóró àgbàdo tó dà sílẹ̀, lẹ́yìn náà Vava'u, lẹ́yìn náà àwọn Niua tó jìnnà réré.

Fún ẹni tó ń gbé ní Ha'apai, fẹ́rì ni títì márosẹ̀. Òun ló ń gbé ọmọ tó ń lọ sí iléèwé, aláìsàn tó fẹ́ rí dókítà ńlá, pákó ilé kíkọ́, àpò ìyẹ̀fun, àgbá epo, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n máa fi ṣe ìnáwó òkú. Ọkọ̀ òfurufú kékeré wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù, kò sì lè gbé pákó. Ọjọ́ tí fẹ́rì ò bá ná, pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo.

Fẹ́rì ńlá tí ilé-iṣẹ́ ìjọba fi ń ná ọ̀nà yìí ti darúgbó. Japan ti ṣèlérí pé òun máa kan ọkọ̀ tuntun fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ọkọ̀ náà á sì dé ní 2010. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ohun tó ṣẹ́ kù ni àárín méjì: ti àtijọ́ ti ń lọ, tuntun ò tíì dé. Wọ́n ní káwọn ra ọkọ̀ kan tí wọ́n á fi dí àlàfo náà. Fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jókòó ti gbólóhùn yẹn díẹ̀, torí mo gbà pé òun ni ihò àkọ́kọ́. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ tó máa wọ̀ fún ọdún mẹ́wàá á tú u, á fà á, á gbé e sí oòrùn wo bóyá ó fẹ́lẹ́. Ẹni tó ń ra èyí tó máa wọ̀ títí télọ̀ á fi parí tiẹ̀ kò ní wò ó tó bẹ́ẹ̀. Bóyá bọ́tìnnì méjì ti já, kí ló kàn án? Bí wọ́n ṣe ra ọkọ̀ nìyẹn. Gbogbo ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n béèrè, "ìgbà díẹ̀" ti dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó bi í.

Fiji ni wọ́n ti rà á. Japan ni wọ́n ti kan ọkọ̀ náà, ó ti tó nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn nígbà tí Tonga fi rà á, omi tí ilẹ̀ yí ká ni wọ́n sì kàn án fún, omi tí ìgbì rẹ̀ kì í ga. Látibẹ̀ ló ti dé Fiji ní àwọn ọdún 1980, tó ń ná àárín àwọn erékùṣù. Ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ni, kí mọ́tò àti ẹrù lè wọlé tààrà. Àjà tí ẹrù ń wà, ìyẹn ilẹ̀ pẹrẹsẹ inú ọkọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ojú omi lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Òòlù àti ìwé

Bí a bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, ọ̀nà rẹ̀ ò ṣòro láti sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbówó. Wọ́n á fà á gòkè kúrò nínú omi kí wọ́n lè rí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá olùtà tan, tí kò sì bá olùrà tan, á yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Ẹ̀rọ wà tí wọ́n ń fi wọn irin láti mọ bó ṣe ṣẹ́ kù tó, àmọ́ àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà ṣì ń mú òòlù kékeré kan dání. Wọ́n á gbá irin náà, wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀. Irin tó yè á dáhùn gbàǹgán. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ tán, ọ̀dà nìkan ló ń gbé e ró, á dún bọ̀ọ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbá páálí. Nígbà míì òòlù á wọlé.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí ti ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá rí i pé kò sí àyẹ̀wò tó yẹ kí owó tó jáde. Wọ́n ra ọkọ̀ tó ti gbó, tí àìlera rẹ̀ hàn sójú, ó sì dé Tonga ní àárín ọdún 2009.

Nígbà tó dé, ààyè kejì ṣí sílẹ̀ láti dá a dúró. Àwọn kan wọ inú rẹ̀, wọ́n rí ihò, wọ́n rí irin tó ti jẹ, wọ́n ya fọ́tò. Èyí ni ibi tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń ta gìrì sí, torí wọ́n rò pé ìtàn ọkọ̀ rírì ni ìtàn àìmọ̀. Àwọn èèyàn yìí mọ̀. Síbẹ̀ ọkọ̀ gbèwé, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò.

Báwo ni? Ìwé gun orí ìwé. Ọkọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́ ní Fiji, á jẹ́ pé àwọn ti Fiji ti gbà pé ó dáa. Ìjọba ló rà á, á jẹ́ pé ìjọba ti wò ó. Ilé-iṣẹ́ tó ń wà á ní àwọn máa tún un ṣe bó bá yá, á jẹ́ pé a lè fún un ní ìwé báyìí ná. Ọ̀gá atukọ̀ rí i pé ìwé wà, á jẹ́ pé ó lè ṣí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó gbà pé ọwọ́ òun ló wà. Oníkálukú ń wo ìwé ẹni tó ṣáájú rẹ̀, irin ò sì rẹ́ni wò ó.

Ohun kan tún wà níbí tí mo máa ń tẹnu mọ́ ju bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe tẹnu mọ́ ọn lọ. Ìjọba ló ra ọkọ̀. Ìjọba ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń wà á. Iṣẹ́ ìjọba náà sì ni láti yẹ̀ ẹ́ wò kó sì sọ pé kó má ṣí. Ẹni tó ni ajá ló tún ń ṣe adájọ́ nígbà tí ajá bá gé èèyàn jẹ. Òṣìṣẹ́ kékeré tó bá fẹ́ kọ̀wé pé ọkọ̀ yìí ò gbọdọ̀ kúrò ní èbúté, mínísítà tirẹ̀ gan-an ló ń kọ̀wé takò. Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bú u. Orílẹ̀-èdè tó kéré bẹ́ẹ̀, tí gbogbo èèyàn mọ gbogbo èèyàn, tí ẹ jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ẹ má sì retí pé òfin àgbáyé á gbà wọ́n. Àdéhùn SOLAS, tó jẹ́ bàbá òfin ààbò ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ló wà fún. Fẹ́rì tó ń ná àárín erékùṣù orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, òfin ilé ló ń jẹ́ tiẹ̀. Nígbà tí ilé bá wá dákẹ́, ó parí.

Ìrìn-àjò karùn-ún

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó lọ, ó bọ̀. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Ìgbà mẹ́rin ló lọ tó sì dé láyọ̀.

Èrò tèmi ni pé ìgbà mẹ́rin yẹn burú ju fọ́tò lọ. Kó tó ṣí nígbà àkọ́kọ́, ẹni tó ń bẹ̀rù ní ẹ̀rí: ẹ wo ihò. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, ẹni tí kò bẹ̀rù náà ti ní ẹ̀rí tirẹ̀: ṣebí ó dé. Omi tó wọlé lánàá tí wọ́n gbọ́n dànù ti di iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn ọmọ ọkọ̀ mọ igun tí omi ń gbà wọlé, wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa gbé pọ́ǹpù sí. Nígbà tí èèyàn bá ti mọ ewu lórúkọ, tó mọ ibi tó ń jókòó sí, kì í jọ ewu lójú rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá atukọ̀ sọ lẹ́yìn ìjàǹbá pé àwọn aláṣẹ mọ̀ pé ọkọ̀ náà ní ìṣòro, wọ́n sì ti òun láti ṣí. Ó lè jẹ́ òótọ́. Òun náà ló sì di ìdarí mú.

Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹjọ, ọdún 2009, ó kúrò ní Nuku'alofa, ó kọjú sí Ha'afeva ní Ha'apai. Èrò àti òṣìṣẹ́ jẹ́ 128. Oṣù Kẹjọ ni ìgbà òtútù wọn níbẹ̀, afẹ́fẹ́ orí omi lálẹ́ máa ń mú. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ni wọ́n fún ní inú ilé, níbi tó gbóná, tí wọ́n ti lè na ara. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wà níta, lórí àjà òkè. Ní Tonga, arábìnrin ló ga ju arákùnrin lọ nínú ẹbí, wọ́n sì ka á sí ìwọ̀sí kí ọkùnrin bá arábìnrin rẹ̀ sùn nínú yàrá kan náà. Mi ò sọ pé àṣà ló ṣe é. Bàbá èyíkéyìí níbikíbi á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lálẹ́ òtútù. Ibi tó dáa jù lọ nínú ọkọ̀ ni wọ́n fún wọn.

Òru ò tíì jìn tí omi ti ń gun orí àjà ẹrù. Kì í ṣe ìjì ló dé. Ìgbì wà, afẹ́fẹ́ wà, irú èyí tí gbogbo ọmọ Tonga ti wọkọ̀ nínú rẹ̀ rí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn ọmọ ọkọ̀ bá omi jà nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n èyí tó ń wọlé ju èyí tó ń jáde lọ.

Ibi tí mo ti máa ń fa bàsíà yọ nìyí. Gbogbo wa la ti rí obìnrin tó pọn omi, tó fẹ́ gbé e rù. Kó tó dìde, á já ewé, á fi lé orí omi náà. Ewé yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí kò bá sí i, bó ṣe tẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún, gbogbo omi á ya sápá ọ̀tún, á sì tún fa bàsíà sápá ọ̀tún sí i. Ẹ sì kíyè sí i pé bàsíà tó kún dẹ́nu ṣì rọrùn láti rù ju èyí tó kún dé ìdajì lọ, torí omi inú èyí tó kún dé ìdajì ní àyè láti sáré. Mo máa ń ní kí ọmọ kíláàsì kan gbé e rìn yí ká yàrá. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi dà sí i lọ́rùn.

Àjà ẹrù irú fẹ́rì yìí, bàsíà tí kò lẹ́wé ni. Gbalasa ló rí, kò sí ògiri tó pín in, torí mọ́tò gbọ́dọ̀ ráyè wọlé ráyè jáde. Omi tí kò ju kókósẹ̀ lọ lórí àjà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù ni, ó sì ń sáré. Ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀, omi sáré lọ bá a, ọkọ̀ tẹ̀ sí i, ẹrù náà yẹ̀ lọ bá omi. Nígbà tó bá dé ibi kan, kò ní dìde mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fẹ́rì ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣubú lẹ́nu èbúté Zeebrugge ní 1987, tí èèyàn 193 kú nítorí pé wọ́n gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn iwájú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́rì tó ń jẹ́ Estonia ní 1994, tí èèyàn 852 kú, nígbà tí ìgbì já ìbòjú iwájú rẹ̀. Ọ̀nà tí omi gbà wọlé yàtọ̀ síra. Ohun tó ṣe nígbà tó wọlé tán kò yàtọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá alẹ́ lù nígbà tí ọ̀gá atukọ̀ ké ìpè ìdágìrì sórí rédíò. Láàárín ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ẹ̀rọ tó máa ń ké sí sátẹ́láìtì bí ọkọ̀ bá rì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ wo àárín méjèèjì. Omi ti wà lórí àjà tipẹ́, wọ́n ti ń bá a jà tipẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ké jáde, ìṣẹ́jú ló kù. Kò sí agogo tó jí àwọn tó wà nínú ilé. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó wà lórí àjà òkè bọ́ sómi tàbí wọ́n fò. Àwọn kan rí ọkọ̀ rọ́bà tó ń fẹ́ fúnra rẹ̀ gùn. Inú òkùnkùn ni, wọ́n ń gbọ́ ohùn, wọn ò rí ojú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èèyàn 54 ló yè, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Kò sí obìnrin kan. Kò sí ọmọdé kan. Àwọn 74 tó lọ, òkú méjì péré ni wọ́n rí gbé.

Bẹ́ ẹ bá ti rí bí ọmọ Tonga ṣe ń ṣọ̀fọ̀, ẹ á mọ ohun tí òkú méjì péré túmọ̀ sí. Àwọn ẹbí máa ń ró ẹní híhun sí ìdí, àwọn tí ipò wọn nínú ẹbí rẹlẹ̀ sí ti òkú á ró èyí tó tóbi, tó ti gbó, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀, oníkálukú sì ní ibi tó yẹ kó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Ẹbí àádọ́rin èèyàn àti méjì ró ẹní ìdí wọn, wọn ò rí òkú tí wọ́n á jókòó tì.

Nǹkan míì tó tún bani nínú jẹ́ ni iye. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni iye èèyàn tí wọ́n ní ó wà nínú ọkọ̀ ń yí padà, tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, torí ìwé orúkọ èrò kò bá orí èèyàn mu. Ibùdó ìdóòlà orí òkun ti New Zealand ló darí ìwákiri, ọkọ̀ òfurufú ológun wọn fò wá láti ọ̀nà jíjìn, wọn ò sì mọ ẹni mélòó ni wọ́n ń wá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun orí omi ti New Zealand àti Ọsirélíà rí ọkọ̀ náà nísàlẹ̀, ní nǹkan bí mítà 110. Ibẹ̀ jìn jù fún omùwẹ̀ lásán. Wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ìyókù ò gùn. Mínísítà ìrìnnà fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, wọ́n jábọ̀ ní ìparí oṣù Kẹta 2010, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba pé ọkọ̀ náà kò yẹ lẹ́ni tí à ń gbé rìn lórí òkun rárá, àti pé ìjàǹbá tó ṣeé dènà tìrọ̀rùntìrọ̀rùn ni. Ní 2011, ilé ẹjọ́ dá àwọn kan lẹ́bi, nínú ilé-iṣẹ́ náà, nínú ọkọ̀ àti nínú ọ́fíìsì ìjọba, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì san owó ìtanràn.

Ohun tí mo fi ń kọ́ni

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ò ní ra ọkọ̀ fún ìjọba láéláé. Àwọn tó ń tú okùn, àwọn tó ń ka èrò, àwọn tó ń wo ẹ́ńjìnnì ni wọ́n. Nítorí náà mi ò fi bẹ́ẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ mínísítà. Ohun tí ọwọ́ wọn lè tó ni mo ń bá wọn sọ.

Mo ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ "ìgbà díẹ̀" gbọ́dọ̀ mú kí etí wọn nà sókè. Pọ́ǹpù ìgbà díẹ̀, àlẹ̀mọ́ ìgbà díẹ̀ tí wọ́n fi dí ihò, awakọ̀ ìgbà díẹ̀ nítorí pé ọ̀gá ṣàìsàn. Ijó tí a bá jó fún ìgbà díẹ̀ ni a kì í kọ́ dáadáa. Mo ti rí ọkọ̀ tí àtúnṣe ìgbà díẹ̀ rẹ̀ ti di ọmọ ọdún mẹ́fà, tí wọ́n tilẹ̀ ti kun ún lọ́dà kó lè bá ara tó kù mu.

Mo ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ẹni tó rí ihò tó sì sọ fún ọ̀gá lẹ́nu, nǹkan tó ṣe ò ju pé ó gbé ẹrù kúrò lórí ara rẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀: ọjọ́, aago, ibi tí ihò wà, bó ṣe tóbi tó, ẹni tí o sọ fún. Kọ orúkọ ara rẹ. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń rò pé ìwé yẹn wà fún ọjọ́ ilé ẹjọ́. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló wà fún. Ó máa ń ṣòro fún ẹni tó wà lókè láti buwọ́ lu ìwé tí ihò ti wà nínú rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà.

Lórí pípe ìrànwọ́, èmi àti wọn kì í tètè fẹnu kò. Ojú máa ń ti awakọ̀ láti ké jáde. Á ronú pé bí òun bá ké tí ọkọ̀ bá wá dúró re, wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ní èbúté títí ọdún á fi yí po. Mo máa ń dáhùn pé ìpè méjì ló wà lórí rédíò: èyí tó ń sọ pé mo ń rì, àti èyí tó ń sọ pé nǹkan ń dààmú mi, ẹ fetí sí mi. Èkejì ò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Nígbà tí omi bá ti wà lórí àjà tí kò yẹ kó wà, tí pọ́ǹpù ò sì borí rẹ̀, ó ti tó ìgbà èkejì. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni kí wọ́n jí èrò, kí wọ́n gbé ọmọdé jáde sí òkè, kí wọ́n wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún wọn. Bí ọkọ̀ bá dé láyọ̀, wọ́n á kàn sọ pé òtútù mú wọn.

Ibi tí èrò ń sùn sí ni mo máa ń gbé wọn lọ lọ́sàn-án gan-an. Mo ń ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sí ibi tó jìnnà sí ilẹ̀kùn jù lọ, kí n pa iná, kí wọ́n wá jáde. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan máa ń forí gbá nǹkan. Lẹ́yìn náà màá ní kí wọ́n tún un ṣe bíi pé ilẹ̀ ti tẹ̀ sápá kan, tí ilẹ̀kùn ti di òrùlé, tí ọmọ ọdún méjì wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ bíi ti bàsíà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí i pé ibi tó gbóná jù lọ nínú ọkọ̀ náà ló jìnnà sí òfurufú jù lọ. Àwọn kan ti lọ bá ọ̀gá wọn lẹ́yìn kíláàsì pé kí wọ́n yí ibi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń jókòó sí padà.

Ní ti kíka èrò, mi ò ní gùn ún. Ka orí, má ka tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí ìyá gbé pọ̀n kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, orí ló ní. Fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kí okùn tó tú. Ọdún méjì péré lẹ́yìn Tonga, fẹ́rì mìíràn rì láàárín Unguja àti Pemba ní Zanzibar, èrò tó kún inú rẹ̀ ju èyí tí wọ́n ní kó gbé lọ fíìfíì, ìyà kan náà ló sì jẹ àwọn tó ń wá wọn.

Ọdọọdún ni ẹnì kan máa ń béèrè ìbéèrè kan tí mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Wọ́n á ní, "Sà, ó dáa, ọkọ̀ yẹn ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ní fẹ́rì ni títì wọn. Tí wọn ò bá rà á, kí ni àwọn ará erékùṣù ì bá wọ̀ láàárín ọdún kan yẹn títí ti Japan fi máa dé?" Ìbéèrè gidi ni, torí ebi náà ń pa èèyàn lórí erékùṣù.

Ti Japan dé ní 2010 bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Ní ti àárín náà, mo máa ń ní kí wọ́n padà sí òwúrọ̀ ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ. Àwọn ọkùnrin wà nínú ọkọ̀ rọ́bà, iyọ̀ ti gbẹ sí wọn lára, wọ́n ti ké orúkọ ìyàwó wọn títí ohùn fi há. Ọkọ̀ kan yọ, ó sún mọ́ wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n gòkè. Fẹ́rì ni. Ti aládàáni ni, ó ti ń kó èrò láàárín àwọn erékùṣù náà tẹ́lẹ̀.